Ojú Ìwé Kẹrìnlá

Obìnrin kan wà ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń mú ẹja dì. Àǹtí Rúlà ni wọ́n ń pè é, nítorí rúlà onírin kan tí kì í kúrò nínú báàgì rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fọwọ́ ya àwòrán sórí ìwé ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, tí wọ́n kó tábìlì ìyàwòrán dà sẹ́yìn ilé, kò jọ̀wọ́ rúlà tirẹ̀. A máa gbé e lé ojú kọ̀ǹpútà, á di ojú kan, á wọn páìpù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Bí àwọn ọ̀dọ́ inú ọ́fíìsì bá ń rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ máa rín in. Kọ̀ǹpútà lè parọ́. Irin kì í parọ́."

Yàrá tútù márùn-ún ló wà nínú ilé-iṣẹ́ náà, gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní amóníà ló sì ń mú wọn tutù. Inú páìpù ni gáàsì yìí ń gbà káàkiri ara ògiri àti òkè àjà, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn nínú iṣan. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà nínú páìpù, ẹja á dì, ọkàn á balẹ̀. Tó bá jáde síta, ata tó jóná nínú iná ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú ló kọ́kọ́ ń gbà, lẹ́yìn náà ọ̀fun, lẹ́yìn náà ẹ̀dọ̀fóró. Iṣẹ́ Àǹtí Rúlà ni láti ya ọ̀nà tí gáàsì náà ń gbà sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ tì í pa lè mọ ibi tí fáàfù wà.

Ẹni tó ń ti fáàfù ọ̀hún pa ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Baba kan náà, ìyá kan náà ló bí wọn. Òun ni olórí àwọn tó ń tún páìpù ṣe, Kòséwu sì ni orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Bí ẹ̀rọ bá ń hó gùdù, á ní kò séwu. Bí omi bá ya wọ ilẹ̀, á ní kò séwu. Lọ́jọ́ tí àkàbà yọ̀ lábẹ́ rẹ̀, tó já sínú garawa ọ̀dà, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe gbé orí sókè ni pé, "Kò séwu." Ọ̀dà funfun ṣì ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀ nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn àlejò kan wá wo ilé-iṣẹ́. Ọ̀gá Ẹnjiníà gbé àwòrán sójú ògiri fún wọn, ó ń ṣí i lójú ìwé lójú ìwé. Nígbà tó dé orí àwòrán kan tí kò tíì parí, ọ̀kan nínú àlejò náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀: páìpù wo nìyí, ta ló fọwọ́ sí i, kí ló dé tí kò ní òpin? Ọ̀gá làágùn. Bí àwọn àlejò ṣe ń jáde ló ránṣẹ́ pe Àǹtí Rúlà.

"Rúlà, ojú ìwé tí wọn ò bá tíì fọwọ́ sí, n ò fẹ́ kó máa hàn mọ́."

"Ṣé kí n yọ wọ́n kúrò ni, sà?"

"Má yọ wọ́n. Jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀, àmọ́ kí ojú má rí wọn."

Ẹlòmíràn ì bá mí kanlẹ̀ lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Àǹtí Rúlà fẹ́ràn ohun tó bá le. Ó mọ̀ pé nínú ètò tí àwọn fi ń ya àwòrán, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní tábìlì kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, àpótí kéékèèké ló kún inú tábìlì náà, àpótí kọ̀ọ̀kan ló sì ń pàṣẹ nǹkan kan: bí ìwé ṣe fẹ̀ tó, bó ṣe gùn tó. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ń pàṣẹ bóyá ojú ìwé á hàn tàbí kò ní hàn. Bí òdo bá wà nínú rẹ̀, ojú ìwé á hàn. Bí ení bá wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ á kúrò nísàlẹ̀ kọ̀ǹpútà, wọn ò ní rí i ṣí, kò sì ní bá àwọn yòókù jáde nígbà tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Àpótí ọ̀hún kì í sì í gba òǹkà nìkan. Ó ń gba fọ́múlà, tó lè máa wo àpótí mìíràn kó tó mọ ohun tó máa ṣe.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi jókòó tì í. Ó to orúkọ gbogbo ojú ìwé mọ́kàndínlógún sí ojú ìwé àkọ́kọ́, ó fi àpótí ìfọwọ́sí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ti àwọn àpótí náà pa, ó sì fún Ọ̀gá nìkan ní ọ̀rọ̀ tó ń ṣí i. Lẹ́yìn náà ló wá lọ sẹ́yìn ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ó kọ fọ́múlà rẹ̀ síbẹ̀: lọ wo àpótí ìfọwọ́sí mi, bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, fi mí hàn, bí wọn ò bá tíì fọwọ́ sí i, gbé mi pamọ́. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n dán an wò. Bí Ọ̀gá ṣe ń yí òǹkà padà, bẹ́ẹ̀ ni ojú ìwé ń yọ, tó tún ń wọlé. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́. Ó pe àwọn tó wà nínú ọ́fíìsì kejì kí wọ́n wá wò ó. "Orí obìnrin yìí pé," bẹ́ẹ̀ ló wí.

Inú Àǹtí Rúlà dùn débi pé ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ń fi fọ́múlà pàṣẹ fún ìwé o."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Kòséwu wí. "Ṣé mo ṣì máa rí páìpù mi sá?"

"Ẹ ó rí i, kí ló dé?"

"Kò séwu, nígbà náà."

Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, ẹja pọ̀ lọ́pọ̀ yanturu, yàrá kẹta ò sì tutù tó. Àwọn agbaṣẹ́ṣe láti ìta wá, wọ́n gbé páìpù tuntun gba ẹ̀yìn yàrá náà. Kòséwu wà lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é. Nígbà tó fi padà dé, wọ́n ti fi pátákó onírin bo gbogbo ẹ̀yìn ògiri, wọ́n ti fi ìdè onírin, ìyẹn bóòtù, dè é pinpin. Ìwé kan tó ya létí, tí wọ́n fi pẹ́ńsù ya nǹkan sí, ni wọ́n gbé fún Àǹtí Rúlà pé kó yà á dáadáa. Ó yà á. Ó fi fáàfù méjèèjì síbẹ̀ ní pupa, ó fi í sáàárín àwọn ojú ìwé tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó pè é ní ojú ìwé kẹrìnlá, ó kọ fọ́múlà sẹ́yìn rẹ̀ bíi ti àwọn yòókù, ó sì fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kún ti àwọn tó tẹ̀ lé e.

Olùbẹ̀wò tó yẹ kó wá fọwọ́ sí i ni wọ́n gbé lọ sí ibòmíràn. Wọn ò tíì rán ẹlòmíràn dípò rẹ̀. Ẹja ò sì lè dúró de olùbẹ̀wò. Wọ́n ṣí páìpù, gáàsì gba ibẹ̀ kọjá, yàrá kẹta tutù bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán, àpótí ìfọwọ́sí ṣì wà ní òdo, ìyẹn ni pé wọn ò tíì fọwọ́ sí i, nítorí náà ojú ìwé kẹrìnlá ò hàn. Ẹni tó bá ń ka orúkọ wọn nísàlẹ̀ á rí ẹ̀kẹtàlá, á sì bọ́ sórí ẹ̀kẹẹ̀ẹ́dógún.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àǹtí Rúlà kọ̀wé sí Ọ̀gá pé gáàsì ti wà nínú páìpù tí àwòrán rẹ̀ kò hàn. Ìgbà kìíní, kò dáhùn. Ìgbà kejì, ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni olùbẹ̀wò máa dé. Ìgbà kẹta, ó pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ní, "Rúlà, ṣé ìwọ náà ti di olùbẹ̀wò ni? Tí mo bá kọ pé wọ́n ti fọwọ́ sí ohun tí wọn ò fọwọ́ sí, èmi ni wọ́n máa mú, wọn ò ní mú ọ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó, ó ṣí tábìlì ẹ̀yìn ojú ìwé kẹrìnlá. Fọ́múlà tí òun fúnra rẹ̀ kọ ló ń wò yẹn. Kò gba ọ̀rọ̀ ìṣí kankan láti pa á rẹ́, kó sì fi òdo kan ṣoṣo sípò rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ni iṣẹ́ náà. Ó wò ó títí. A kì í mọ̀ ọ́n ju ọ̀gá lọ, ló sọ fún ara rẹ̀. Ó pa á dé, ó lọ jẹun.

Ọjọ́rú kan ló gba àyè láti mú ìyá wọn lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n ya àwòrán egungun ìbàdí rẹ̀. Ìyá àgbà ọ̀hún ti ń fi ọ̀pá rìn láti bí oṣù mẹ́rin, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò tíì máa fi ọ̀pá rìn. Wọ́n jókòó sórí àga ṣiṣu nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan. Nọ́ńbà mọ́kànlélógójì ló wà lọ́wọ́ wọn, nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ń pè.

"Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, egungun yìí á ti to ara rẹ̀," ni ìyá wí.

Àǹtí Rúlà ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

"Rúlà, ojú ìwé kẹrìnlá dà?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò kí i. Kò béèrè ìyá wọn. Agogo ìkìlọ̀ sì ń ké lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

"Kí ló ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Páìpù tuntun ti bẹ́ lẹ́yìn yàrá kẹta. A ti pa ẹ̀rọ ńlá, àmọ́ èyí tó wà nínú páìpù ò dáwọ́ dúró. Obìnrin mẹ́ta wà nínú yàrá yẹn tí wọ́n ń to páálí, gáàsì sì ti dí ẹnu ọ̀nà mọ́ wọn. Mo wà nídìí kọ̀ǹpútà yàrá ìṣọ́. Mo rí mẹ́tàlá, mo rí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Níbo lo fi mẹ́rìnlá sí?"

"Ó ń bẹ níbẹ̀. Ó sápamọ́ ni." Ó dìde dúró. "Ọ̀gá ńkọ́?"

"Ó wà nínú bàálù. Fóònù rẹ̀ ti kú láti òwúrọ̀."

Kọ̀ǹpútà yàrá ìṣọ́, wíwò nìkan ni wọ́n fi í ṣe. Kò lè yí ohunkóhun padà nínú àwòrán, Àǹtí Rúlà fúnra rẹ̀ ló bá wọn ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ba iṣẹ́ jẹ́. Kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ló lè yí i, òkè ilé kejì nìyẹn sì wà. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa múra, ó pe ọmọbìnrin tó máa ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́, ó ní kó sáré gòkè. Ọmọbìnrin náà sáré. Mímí rẹ̀ ń dún fìn-ín fìn-ín nínú fóònù.

"Mo ti jókòó, Àǹtí. Ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìṣí."

Ó sọ ọ́ fún un, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, lójú gbogbo àwọn tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní kó ṣí àwòrán. Ó ní kó ṣí fèrèsé tí wọ́n to gbogbo ojú ìwé sí, èyí tó hàn àti èyí tó pamọ́. Kó wá ẹ̀kẹrìnlá. Kó fi bọ́tìnì ọ̀tún eku kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́, kó ṣí tábìlì rẹ̀.

"Àpótí pọ̀ níbí, Àǹtí. Wọ́n pọ̀ jù!"

"Rọra. Máa kà á sísàlẹ̀. Èyí tí nǹkan gígùn wà nínú rẹ̀."

"Mo rí i."

"Pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Kọ nǹkan kan ṣoṣo."

Agogo ń ké. Ẹnì kan ń pariwo lórí àtẹ̀gùn. Àǹtí Rúlà fẹ́ sọ nǹkan tó kàn, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ti yára jù ú lọ. "Mo ti kọ ení, Àǹtí. Kò jáde. Kò sí nǹkan tó jáde o."

"Òdo! Òdo ni, má kọ ení!"

"Ṣé òdo kọ́ ni pé kò sí?"

"Nínú ti kọ̀ǹpútà, òdo ni pé ó hàn. Yí i padà, jọ̀ọ́, àbúrò mi."

Ohùn ọkùnrin kan ló gbọ́, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tó ń kígbe pé kí gbogbo ènìyàn bọ́ síta kíá. Ọmọbìnrin náà padà sórí fóònù, ó ti ń sunkún. "Àǹtí, wọ́n ní ká jáde. Òórùn rẹ̀ ti dé òkè. Ṣé kí n dúró?"

Oyún oṣù márùn-ún ló wà nínú ọmọbìnrin yẹn. Gbogbo ọ́fíìsì ló mọ̀. Àǹtí Rúlà di ojú.

"Jáde," ló wí. "Máa lọ."

Ìyá rẹ̀ ti di etí aṣọ rẹ̀ mú. "Ta ló ń jáde? Kí ni òdo? Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Iṣẹ́ ni, mọ̀ọ́mì. Wọ́n ń dán nǹkan wò."

Ó rìn dé ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dojú kọ ògiri, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀nà ò sí. Màá rántí rẹ̀ fún yín."

"Rántí rẹ̀. Mo ti wọ ìbòmú, mo kàn ṣí i díẹ̀ láti bá ẹ sọ̀rọ̀ ni. Mo mọ̀ pé ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn pín sí méjì. Ọwọ́ ọ̀tún ni fáàfù wà àbí ọwọ́ òsì? Pátákó kan ṣoṣo ni mo máa lè tú."

Ó ń wo ojú ìwé náà nínú ọkàn rẹ̀. Ó rí i kedere: ìlà dúdú, ìlà aró, àmì fáàfù pupa bí igun mẹ́ta méjì tó fẹnu ko ara wọn. Ó rí ibi tó wà lójú ìwé. Ṣùgbọ́n kò tíì dé ibẹ̀ rí. Wọ́n ti bo ibẹ̀ kó tó yà á.

"Òsì," ló wí.

"Ó dá ẹ lójú?"

"Òsì ni mo fi í sí, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó tán. Kò séwu." Fóònù sì kú.

Ó ṣì dojú kọ ògiri. Wọ́n pe nọ́ńbà mọ́kàndínlógún. Ìwé pẹ́ńsù tó ya létí ọjọ́sí wá sí i lọ́kàn, ó rántí pé ọfà kékeré kan wà ní igun rẹ̀, ó rántí ibi tí ọfà náà kọjú sí. Ẹ̀yìn ilé ni agbaṣẹ́ṣe yẹn dúró sí nígbà tó ń yà á. Òun náà sì yà á bó ṣe rí i. Ohun tó wà lọ́wọ́ òsì ìwé, ọwọ́ ọ̀tún ló máa wà fún ẹni tó bá gba iwájú wọlé.

Ó pè. Ó ń dún, kò gbé e. Ó tún pè. Ó kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: Ọ̀TÚN NI. Ó pe ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀ṣọ́ ní òun wà níta ní ẹnu géètì, kò sẹ́ni tó lè wọlé mọ́. "Ẹ bá mi kígbe sí i," ló ń bẹ̀ ẹ́. "Ẹ kàn kígbe pé ọ̀tún!" Ẹ̀ṣọ́ náà kígbe ní tòótọ́. Ó gbọ́ ọ tó kígbe lẹ́ẹ̀mẹta lábẹ́ ariwo agogo. Ẹyin lohùn, èyí tó kọ́kọ́ jábọ́ ti fọ́ ná.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀hún, ẹ̀yìn ìgbà náà la gbọ́. Kòséwu yà sí òsì, ó tú ìdè mẹ́jọ lára pátákó onírin, kò rí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ ju ògiri lọ. Ìbòmú rẹ̀ kò lè lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ó sì ti lo mẹ́rìndínlógún. Kò padà síta. Ó yà sí ọ̀tún, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdè. Nígbà tó ku ìdè méjì, ìbòmú ò ṣiṣẹ́ mọ́, ó sì fi ọwọ́ fa pátákó náà ya. Ó ti fáàfù kìíní pa, ó ti ìkejì. Gáàsì dáwọ́ dúró. Àwọn obìnrin mẹ́ta náà jáde ní ẹsẹ̀ ara wọn, wọ́n fi aṣọ tútù bo imú. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti bá Kòséwu, ó ṣubú nígbà tó ń jáde bọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwọn ni wọ́n wọ́ ọ jáde.

Ilé ìwòsàn kan náà ni wọ́n gbé e wá. Ẹ̀rọ ń ya àwòrán egungun ìyá wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń ti ọmọ rẹ̀ kọjá lórí bẹ́ẹ̀dì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Àǹtí Rúlà sì dúró láàárín méjèèjì, kò mọ èyí tóun máa tẹ̀ lé.

Kò kú. Ọ̀sẹ̀ méje ló lò níbẹ̀. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró kì í hù padà bí irun. Ìmí tó ṣẹ́ kù fún un, òun ló máa fi ṣe gbogbo ohun tó bá fẹ́ ṣe láyé.

Ilé-iṣẹ́ gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta jókòó sẹ́yìn tábìlì gígùn. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ Ọ̀gá Ẹnjiníà bóyá àwòrán páìpù náà wà.

"Ó wà, sà. Ìgbà gbogbo ló ti wà." Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣí, ó tún àpótí méjì kan ṣe, ojú ìwé kẹrìnlá sì yọ sójú ògiri, gbogbo rẹ̀ mọ́ rekete. Fáàfù pupa méjì wà níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń wò ó.

"Ta ló kọ fọ́múlà tó fi í pamọ́?"

"Èmi ni," ni Àǹtí Rúlà wí. "Ọ̀gá ló ní kí n kọ ọ́."

"Mo ní kó gbé e pamọ́ fún àlejò," ni Ọ̀gá wí. "N ò ní kó gbé e pamọ́ fún òṣìṣẹ́."

Ẹnu ni Ọ̀gá fi pàṣẹ náà lọ́jọ́ àlejò, kò sí lórí ìwé. Àwọn lẹ́tà mẹ́ta tí Àǹtí Rúlà kọ wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ní àwọn ò tíì dé ibẹ̀.

Wọ́n wá pe Kòséwu. Ọ̀pá ìyá wọn ló fi rìn wọlé. Wọ́n ní kó jókòó, wọ́n béèrè ohun tí àbúrò rẹ̀ sọ fún un lórí fóònù.

"Ó sọ pé ọ̀tún," ló wí. Ó mí. "Èmi ni mo gbọ́ òsì. Ariwo pọ̀."

Àǹtí Rúlà la ẹnu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yí ojú sí i. Bó ṣe máa ń wò ó nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé nìyẹn, tí àbúrò rẹ̀ bá fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan tí wọ́n jọ fọ́. Ẹnu tó là náà, ó pa á dé. Akọ̀wé ti kọ ọ́ sílẹ̀: ó sọ pé ọ̀tún.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ túká, Ọ̀gá dá àwọn àpótí padà sí bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ojú ìwé kẹrìnlá wọlé lọ. Ó ní ẹ̀rí ni, ẹ̀rí ò sì gbọdọ̀ yí padà. Wọ́n ti gbogbo àwòrán náà pa, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí ìwádìí á fi parí.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Àǹtí Rúlà ń wí, "wọ́n ti tún páìpù yẹn dè. Gáàsì tún ti wà nínú rẹ̀. Ẹ kàn jẹ́ kí ojú ìwé yẹn máa hàn."

"Nígbà tí ìwádìí bá parí."

"Ìgbà wo ló máa parí?"

Alága wo àwọn méjì tó kù. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò mọ̀.

Ó ra ọ̀dà pupa, ó lọ sẹ́yìn yàrá kẹta lásìkò ìsinmi ọ̀sán, ó ya ọfà ńlá méjì sára pátákó ọwọ́ ọ̀tún, ó kọ FÁÀFÙ síbẹ̀. Ọjọ́ kẹrin ló padà débẹ̀, wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kùn ún mọ́lẹ̀. Kùnlékùnlé ní àlejò ń bọ̀ ni, pé wọ́n ní kí òun mú gbogbo ara ògiri dọ́gba. Kò bá a jà. Ó kàn dúró síbẹ̀, ó ń wo ibi tí pupa ti ń hàn fírí lábẹ́ funfun, kùnlékùnlé náà sì ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó kùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i.

Wọ́n ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Àǹtí Rúlà ń rò ó nígbà tó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gun òkè ilé wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Wọ́n fẹ́ lọ kí ìyá wọn. Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún ló wà níbẹ̀. Ní ìkẹrin, Kòséwu dúró, ó rọra jókòó, ó gbé ọwọ́ lé àyà. Àǹtí Rúlà jókòó tì í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, òsì ni mo sọ."

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ purọ́ fún wọn?"

Ó fẹ́ dáhùn, ìmí ò jẹ́. Ó gbé ìka kan sókè pé kó dúró ná. Ó mí wọlé, ó dún bí ilẹ̀kùn tí ipata ti jẹ, ó sì tún mí.

"Wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ta ló máa wá ya àwòrán fún àwọn tó kù? Má sọ ọ́ mọ́."

"Ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí n—"

"Má sọ ọ́ mọ́, àbúrò."

Kò sọ ọ́ mọ́. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, òmíràn sì ń bọ́.

Látòkè ni ìyá wọn ti gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. "Ẹ̀yin wo nìyẹn? Kí lẹ ń ṣe nísàlẹ̀ tẹ́ ẹ kò gòkè wá? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹsẹ̀ pípé!"

Kòséwu la ẹnu láti dá a lóhùn, ohùn ò jáde.

"À ń bọ̀, mọ̀ọ́mì," ni Àǹtí Rúlà ké. Ó ki ọwọ́ sábẹ́ apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń dúró kí ìmí rẹ̀ padà sípò, kí wọ́n lè gun ìkarùn-ún.